Ó pọ́n yòò lórí fóònù, ó pọ́n rúsúrúsú nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí iyùn tí mo rà

Ìyá Ìyàwó Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi àgbà ń lọ sílé ọkọ, ìdána rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn mí tí n kò lè rìnrìn àjò lọ sí Èkó, mo wá iyùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí olùtajà kan tí àwòrán ọjà rẹ̀ wọ̀ mí lójú gidigidi: iyùn ọrùn onífọ́nrán mẹ́ta, ti ọwọ́ méjèèjì, pẹ̀lú yẹtí. Nínú àwòrán náà, iyùn yìí pọ́n yòò bí ata rodo, ó ń dán lórí aṣọ dúdú, gbogbo hóró rẹ̀ sì rí bákan náà. Àlàárì ni ọmọ mi fẹ́ wọ̀, mo sì ti fojú inú wò ó pé àwọn méjèèjì yóò bá ara wọn mu. Mo san ₦240,000 kí ó tó fi ọjà ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni mọ́tò gbé e dé. Nígbà tí mo tú u, ó pọ́n rúsúrúsú bí bíríkì àtijọ́. Hóró rẹ̀ kéré pẹ̀lú. Mo ti rò pé yóò tó orí àtàǹpàkò mi, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo pe olùtajà náà. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ní òun kò fọwọ́ kan àwòrán náà rárá, pé ojú fóònù mi ló ń tàn mí jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé òótọ́ ni pé fóònù lè yí àwọ̀ padà tó bẹ́ẹ̀? Ṣé iyùn gidi tilẹ̀ ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi yìí? Kí ni mo sì lè sọ fún un tí yóò fi gba ọjà rẹ̀ padà?

Alága Ìdúró (Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀)

Ẹ kú ìnáwó, mà, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe é láyọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe tuntun lójú mi. Níbi ìdána tí mo ti ń ṣe alága, mo máa ń rí ìyàwó tí ó wọ ohun tí ìyá rẹ̀ rò pé iyùn ni, tí òógùn bá sì ti bò ó lọ́rùn tán, ọrùn bùbá rẹ̀ á ti di pupa. Ẹ má wulẹ̀ bá olùtajà yẹn ṣe àròyé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ sínú iná kí ó gbóná, kí ẹ fi gún hóró kan. Bí ó bá yọ́, ike ni, kí ẹ sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ayàwòrán Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ajé, 8:51 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà fóònù díẹ̀ kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Iṣẹ́ àwòrán ni mo ń ṣe, àwọ̀ pupa ni ó sì ń fún mi ní wàhálà jù nínú gbogbo àwọ̀. Kámẹ́rà kò mọ àwọ̀ ohun tí ó ń wò. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé ohun náà ni ó ń rí, yóò sì máa méfò irú ìmọ́lẹ̀ tí ó jẹ́. Gílóòbù inú ilé tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n bí epo, èyí tí wọ́n máa ń kọ 2700K sí lára páálí rẹ̀ (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), máa ń fi kún pupa ohunkóhun tí ó bá tàn sí, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń wà láàárín 5000K sí 6500K. Bí kámẹ́rà bá méfò tí kò bá a, iyùn kan náà á di iyùn mìíràn.

Ohun kejì ni pé àwọ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà ń pò pọ̀, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Bí pupa bá ti kún dé ẹnu bí omi nínú ìkòkò, kò sí ààyè mọ́ fún ìyàtọ̀ kankan: ilà wẹ́wẹ́ tí ó wà lára iyùn, ibi tí ó ṣókùnkùn àti ibi tí ó mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á parapọ̀ di pupa kan ṣoṣo. Èyí lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwòrán náà. Aṣọ dúdú tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ tún ń dá kún un, nítorí pé kámẹ́rà yóò rò pé inú òkùnkùn ni òun wà, yóò sì la ìmọ́lẹ̀ sí i ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Ẹ padà lọ wo àwòrán tí olùtajà fi ránṣẹ́, mà, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Bí ẹ bá rí òrùka funfun kékeré lára hóró kọ̀ọ̀kan, iná olórùka tí àwọn tí ń ṣe fídíò máa ń gbé kalẹ̀ ni ó lò, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iyùn tí ó wà lọ́wọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti ní í bà á tààrà, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yà á. Bébà yẹn ni ẹlẹ́rìí. Bí bébà bá funfun nínú àwòrán, a lè gba àwọ̀ iyùn gbọ́ dé àyè kan. Bí bébà bá pọ́n tàbí tí ó di búlúù, ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Oníyùn Ìsàlẹ̀ Èkó (Ọjọ́ Ajé, 9:37 àárọ̀)

Ọdún 17 ni mo ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tí mo sì ń tà á, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ìhà tiwa. Kò sí olùtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í fọwọ́ kan àwòrán. Èmi náà ń ṣe é. Bí ilé bá ṣókùnkùn, mo máa ń fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, mo sì máa ń gé etí àwòrán kúrò. Ohun tí n kì í ṣe ni kí n fa àwọ̀ náà sókè, nítorí pé oníbàárà tí mo bá tàn lónìí ni yóò bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́la. Ẹni tí ó bá sọ fún ìyá wa pé òun kò fọwọ́ kan àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí, kí n tó fura sí iyùn rẹ̀.

Ẹ má gún un ní abẹ́rẹ́ o! Ẹ dákun, Alága, ìmọ̀ràn yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ ní ìsọ̀ mi rí. Abẹ́rẹ́ gbígbóná kò lè sọ ju bóyá ohun kan jẹ́ ike lọ. Dígí kò ní í yọ́, ìkarahun tí wọ́n pa láró kò ní í yọ́, ẹ ó sì rò pé ẹ ti rí iyùn. Hóró tí a bá sì ti dá àpá sí lára, kò sí olùtajà tí yóò gbà á padà, òun ni yóò sì wá jàre.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí kò dùn ún gbọ́. Iyùn pupa gidi, èyí tí ó ti ń wá láti Òkun Mẹditaréníà láti ayébáyé, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Torre del Greco lẹ́bàá Naples ní ilẹ̀ Ítálì lókìkí fún gbígbẹ́ rẹ̀, kì í rí bákan náà látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá to 40 hóró rẹ̀ pọ̀, ẹ ó rí èyí tí ó pọ́n díẹ̀ jù, èyí tí ó ní àbàwọ́n funfun, àti èyí tí ihò wínníwínní wà lára rẹ̀. Ohun tí ó kún ọjà báyìí ni iyùn tí igi rẹ̀ ní oríkèé bí oparun. Inú òkun ni òun náà ti wá, ṣùgbọ́n funfun ràkọ̀ràkọ̀ ni àwọ̀ rẹ̀, aró ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di pupa. Ẹni tí ń tà á lè búra pé iyùn ni, kò sì ní í purọ́ tán. Hóró ńlá onífọ́nrán mẹ́ta tí ó tún ní ti ọwọ́ àti yẹtí, ní ₦240,000, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ọmọ Ìlorin (Ọjọ́ Ajé, 10:12 àárọ̀)

Ọ̀nà tí ó rọrùn wà. Ẹ kán fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára. Bí ó bá hó, iyùn gidi ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà máa ń ṣe.

Olùkọ́ Kẹ́místìrì (Ọjọ́ Ajé, 11:40 àárọ̀)

Ọmọ Ìlorin, ẹ má bínú sí mi, ìyá yín àgbà jàre ní ayé tiwọn, nígbà tí ó jẹ́ pé dígí àti ike ni ayédèrú. Èròjà tí ó pọ̀ jù nínú iyùn ni calcium carbonate, òun kan náà ni ó wà nínú èèpo ẹyin àti nínú ìkarahun ìgbín. Gbogbo wọn ni yóò hó bí ẹ bá kán fínígà sí wọn. Iyùn olóríkèé tí Oníyùn sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò hó bákan náà, bí wọ́n tilẹ̀ pa á láró. Èyí tí ó burú jù ni pé ibi tí fínígà bá ti jẹ kò ní í dán mọ́.

Bí ìyá wa bá fẹ́ mọ̀ bóyá aró ni, kí wọ́n fi òwú kékeré bọ inú asẹtóònù, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń nu kúútẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná, kí wọ́n rọra fi nu etí ihò hóró kan ṣoṣo, ní ibi tí ojú kò tó. Bí òwú bá pọ́n, aró ni. Bí kò bá pọ́n, ẹ má tíì yọ̀, nítorí pé àwọn kan máa ń fi ohun dídán bo aró náà mọ́lẹ̀. Ìwúwo náà ń sọ̀rọ̀: iyùn wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 2.6 sí 2.7, ike kì í sì í sábà wúwo tó bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà tí ó bá ní òṣùwọ̀n dáadáa àti awò tí ń sọ nǹkan di ńlá lè wò ó fún yín láìdá àpá sí i. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jọ ilà ara igi ni yóò máa wá.

Ẹ wá kíyèsí ohun tí Ayàwòrán sọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé èmi rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilà àti ìyàtọ̀ àwọ̀ tí à bá fi dá iyùn gidi mọ̀, àwọn náà gan-an ni pupa àpọ̀jù ń pa rẹ́ nínú àwòrán. Nítorí náà, ẹni tí ń ta ayédèrú kò fi nǹkan kan ṣòfò bí ó bá fa àwọ̀ sókè. Ẹni tí ń ta gidi ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀rí tirẹ̀ nù.

Ẹlẹ́ja Leeds (Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibòmíràn kún un. Mo ń sin ẹja òkun sínú àpótí dígí nílé mi ní Leeds, mo sì máa ń ra iyùn ààyè sínú rẹ̀, ìyẹn èyí tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tàn inú òwò yẹn kọjá ohun tí ẹ ń sọ yìí. Olùtajà yóò pa gbogbo iná, yóò fi iná LED búlúù nìkan sílẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ irú iyùn ààyè máa ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù yẹn, yóò sì dá a padà ní àwọ̀ ewé, òféèfèé tàbí pupa, bí ẹni pé iná ń jó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún fa àwọ̀ àwòrán sókè. Mo ti san £60 rí lórí ẹyọ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, nígbà tí mo gbé e sábẹ́ iná funfun nílé, àwọ̀ ilẹ̀ ni ó ní, nítorí pé ewédò wínníwínní tí ń gbé inú rẹ̀ ni ojú ń rí.

Ohun tí ó wá là mí lójú ni pé kí n má wo ọjà, kí n máa wo ohun tí kì í ṣe ọjà. Mo máa ń wo iyanrìn ìsàlẹ̀ àpótí. Iyanrìn funfun ni gbogbo wa ń lò. Bí ó bá ti di àwọ̀ àlùkò nínú àwòrán, mo mọ̀ pé iná búlúù ni, tàbí kí wọ́n ti tún un ṣe. Nínú ti ìyá wa, ẹ wo ọwọ́ ẹni tí ó di iyùn mú, bí ọwọ́ bá wà nínú àwòrán. Bí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn bá pọ́n bí ẹni tí ó fọwọ́ bọ epo pupa, iyùn náà kò lè ní àwọ̀ tirẹ̀.

Olùkọ́ Kẹ́místìrì (Ọjọ́ Ajé, 1:48 ọ̀sán)

Ti iyanrìn yẹn dára púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kàn lọ rò pé iyùn ọrùn yóò tàn bí ti Leeds bí a bá gbé e sábẹ́ iná búlúù. Irú iyùn pupa tí à ń sín kò ní ewédò nínú ara, pupa rẹ̀ wà nínú egungun rẹ̀ gan-an, egungun yẹn nìkan ni wọ́n sì ń gbẹ́.

Àbíkẹ́ Peckham (Ọjọ́ Ajé, 6:03 ìrọ̀lẹ́)

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ohun tí ó bá ṣe mí ní irú èyí, n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àwọ̀. Òfin ọdún 2013 lórí ọjà tí a rà láìdé ìsọ̀ fún wa ní ọjọ́ 14 láti ìgbà tí ọjà bá ti dé ọwọ́ wa láti sọ pé a kò fẹ́ mọ́, láìsọ ìdí kankan. Mo ti dá iyùn kan padà báyẹn rí lọ́wọ́ olùtajà tí ó wà níbí.

Akọ̀wé Òfin (Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́)

Aǹtí Àbíkẹ́, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó dé. Ọjọ́ 14 yẹn kò kan ọjà tí wọ́n dìídì ṣe fún yín. Bí ẹ bá ti fi ìwọ̀n ọrùn àti ọwọ́ ránṣẹ́ tí olùtajà sì sín in tẹ̀lé e, ó lè sọ pé ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́. Kò sì kan ọjà tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò. Èyí tí kò ní í bọ́ lọ́wọ́ yín ni ti òfin 2015, pé ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ rí bí ó ṣe júwe rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti kọ̀ ọ́ kí ẹ sì gba gbogbo owó yín.

Ìyá wa ní Òṣogbo, Nàìjíríà ni ẹ wà, òfin FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, ni ó kàn yín, ó sì ti wà nílẹ̀ láti 2019. Òun náà sọ pé ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Ẹ má bá a jà lórí pé ó pọ́n tàbí kò pọ́n, nítorí pé pupa kò ní òṣùwọ̀n tí ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ gbà. Ẹ lọ ka ọ̀rọ̀ tí ó kọ sábẹ́ àwòrán. Ohun tí ó bá fi nọ́ńbà kọ ni kí ẹ dì mú. Ẹ ya àwòrán ìpolówó náà sínú fóònù yín lálẹ́ yìí kí ó tó pa á rẹ́.

Ìyá Ìyàwó Òṣogbo (Ọjọ́rú, 4:26 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbẹ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, àyàfi ti abẹ́rẹ́. Mo fẹ àwòrán olùtajà náà lójú fóònù, òrùka funfun wà lára gbogbo hóró bí ojú ẹyẹ òwìwí. Àbúrò mi bá mi ya èyí tí ó wà nílé lórí bébà lẹ́bàá fèrèsé. Nínú àwòrán tiwa, ó pọ́n ju bí mo ṣe rò ní ọjọ́ Ẹtì lọ díẹ̀, nítorí pé alẹ́ ni mo tú u, iná kò sì sí, àtùpà ni mo fi wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún olùtajà náà. Síbẹ̀, kò sún mọ́ ti ata rodo rárá.

Òwú tí a fi asẹtóònù nu etí ihò pọ́n fòò. Rúlà ni ó wá parí ọ̀rọ̀. Olùtajà kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé mìlímítà 12 ni hóró kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi kò ju 7 lọ. Mo fi àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí i, ti ìpolówó rẹ̀ àti ti rúlà, n kò sì dárúkọ pupa mọ́. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko. Ní àárọ̀ yìí ó ní ọmọ iṣẹ́ òun ló gbé èyí tí kò yẹ, ó ti dá ₦120,000 padà, ó ní ìyókù yóò wọlé bí ọjà bá ti dé ọwọ́ òun, àti pé èmi ni n ó san owó mọ́tò. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Oníyùn Ìsàlẹ̀ Èkó (Ọjọ́rú, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Kí ẹ tó di í, ẹ ṣe fídíò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà àti hóró tí ẹ fi òwú nù, kí ó má baà sọ pé ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, ẹ ní kí ó pè yín lórí fídíò ní ọ̀sán, kí ó gbé iyùn náà bọ́ síta lójú yín, kí ó sì mú ohun kan tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ dání, bíi owó ₦200 tàbí ewé. Ẹni tí ó jí àwòrán ẹlòmíràn lò kò ní lè ṣe é.

Ayàwòrán Abẹ́òkúta (Ọjọ́rú, 5:31 ìrọ̀lẹ́)

Fídíò náà ṣeé tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe o, àwọn fóònù kan tilẹ̀ ń ṣe é fúnra wọn. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ti owó ₦200, nítorí pé gbogbo wa la mọ bí ó ṣe rí, ẹ ó sì lè gbé tiyín sí ẹ̀gbẹ́ fóònù fi wé e.

Ìyá Ìyàwó Òṣogbo (Ọjọ́ Àìkú, 2:18 ọ̀sán)

Owó yòókù ti wọlé, mo dúpẹ́. A kò ra òmíràn mọ́. Iyùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ wà nínú àpótí, òwú rẹ̀ nìkan ló já, a sì ti gbé e fún ẹni tí yóò tún un sín. Àwòrán rẹ̀ rèé, lórí bébà, lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú rúlà.

Alága Ìdúró (Ọjọ́ Àìkú, 2:40 ọ̀sán)

Ó dára, mà, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, nínú àwòrán yìí ó dà bí ẹni pé kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Àwọn hóró kan tilẹ̀ fẹ́ funfun. Ṣé ẹ ò ní í fi kún àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn àna yín?

Ìyá Ìyàwó Òṣogbo (Ọjọ́ Àìkú, 2:44 ọ̀sán)

Bí ó ṣe rí nìyẹn, Alága.